Bí Ìrònú Ṣe Ń Di Àìsàn Sí Ènìyàn Lára

Àwọn lẹ́tà tí ó wọlé sọ́dọ̀ mi láàárín oṣù mélòó kan yìí pọ̀, ṣùgbọ́n bí mo ti ń ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan ni mo rí i pé ohun kan náà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń sọ. Ẹnì kan ní orí ń fọ́ òun láti ìgbà Ọdún Àjíǹde. Ẹlòmíràn ní àyà òun ń já láìsí ohun kan tí ó dẹ́rù ba òun. Ọkùnrin kan kọ̀wé pé bí òun bá ti sùn, tí agogo bá ti lù méjì òru, ojú òun á là sílẹ̀ kedere, kò sì ní padé mọ́ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Gbogbo wọn ni wọ́n ti lo oògùn ibà. Àwọn mìíràn ti lo ti táífọ́ọ̀dù pẹ̀lú. Nígbà tí wọn yóò sì fi parí lẹ́tà wọn, ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi mí, bí ẹni pé wọ́n jọ sọ ọ́ ni: ṣé òtítọ́ ni pé ìrònú lè sọ ènìyàn di aláìsàn?

Òtítọ́ ni. Èmi tí mo ń kọ̀wé yìí, ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì kí n tó fẹ̀yìn tì wá sílé ní Ẹdẹ, ó sì tì mí lójú láti sọ fún yín pé nígbà tí irú àìsàn yìí wá bá mi nínú ilé mi, n kò dá a mọ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ó ti rí.

Obìnrin kan wà tí ó ń ta aṣọ ní Ọjà Tìmì. A óò máa pè é ní Ìyá Aláṣọ, nítorí ó gbà mí láyè láti sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ bí n kò bá ti dárúkọ rẹ̀. Kò tí ì ju ẹni àádọ́ta ọdún lọ. Ọlọ́yàyà ènìyàn ni. Bí ẹ bá dé ìsọ̀ rẹ̀, àga ni yóò kọ́kọ́ fún yín kí ó tó béèrè ohun tí ẹ fẹ́ rà. Ní ọdún 2023, lẹ́yìn tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní oṣù Karùn-ún, tí owó ọkọ̀ àti owó oúnjẹ jọ gbéra sókè lẹ́ẹ̀kan náà, ó wá sí ilé mi ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Ó ní, “Màmá, ọrùn ń dùn mí, orí mi ń gbóná, ó sì dà bí ẹni pé nǹkan ń rìn nínú rẹ̀.”

Mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án ní ọrùn. Ara rẹ̀ kò gbóná. Síbẹ̀ mo ní, “Ìyá Aláṣọ, ibà ni. Oòrùn ọjà yìí ló ń pa ọ́. Lọ ra oògùn ibà, kí o sì sinmi lọ́jọ́ Ìsinmi.” Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó lọ. N kò wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. N kò bi í bóyá ó ń sùn. Ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ìfúnpá wà lórí tábìlì, bí mo bá na ọwọ́ mi, ọwọ́ mi ìbá tó o.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn èyí, ní òru, ọmọ rẹ̀ obìnrin ń kan ilẹ̀kùn mi gbàgbàgbà. “Màmá, ẹ jọ̀wọ́ ẹ dìde! Màmá mi ń sọ̀rọ̀, a kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ.” Nígbà tí a dé ibẹ̀, ó jókòó sí etí ibùsùn, ẹnu rẹ̀ wúwo, ọwọ́ rẹ̀ òsì kò lè di ife omi mú. Mo wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀: 210 lórí 120. A kò dúró de ilẹ̀ mọ́. A wá ọkọ̀, a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ọlọ́run ṣe é, kí ojúmọ́ tó mọ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti ń já gaara, ọwọ́ rẹ̀ sì ti padà ní agbára. Àwọn dókítà wí pé àrùn rọpárọsẹ̀ ni ó wá wo ẹnu ọ̀nà, tí ó sì yí padà. Bí a kò bá tọ́jú rẹ̀ kíákíá, kò ní yí padà bí ó bá tún wá.

Dókítà ọ̀dọ́mọkùnrin kan ni ó ṣe ohun tí èmi kò ṣe. Ó fa àga, ó jókòó tì í, ó ní, “Màmá, yàtọ̀ sí orí tí ń fọ́ yín, kí ni ó tún wà lọ́kàn yín?” Ìyá Aláṣọ bú sẹ́kún. Ó sunkún títí etí ìró rẹ̀ fi tutù.

Ohun tí ó sọ nìyí. Ọkọ rẹ̀ kò níṣẹ́ lọ́wọ́ mọ́ láti nǹkan bí ọdún kan. Ní àràárọ̀, baálé ilé yìí á wẹ̀, á wọ ṣòkòtò àti ṣẹ́ẹ̀tì, á gbé báàgì, á jáde, kí àwọn ará ilé má baà mọ̀. Ìyá Aláṣọ ni ó ń bọ́ ilé. Ọmọkùnrin rẹ̀ wà ní Pólì, owó ilé ẹ̀kọ́ ń bẹ. Nígbà tí owó tí ó fi ń ṣòwò ti wọ inú ìkòkò ọbẹ̀ tán, ó lọ yá owó èlé lọ́nà méjì. Àwọn agbowó a máa wá ní gbogbo Ọjọ́bọ̀. Kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́jà má baà rí wọn, bí ó bá ti kù díẹ̀ kí wọ́n dé, á sọ fún ọmọ pé òun ń lọ kírun, á lọ pàdé wọn lẹ́yìn ibùdókọ̀. Nínú ọdún kan náà yìí, ó ra aṣọ ẹbí lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó ní òun kò fẹ́ kí wọ́n máa sọ pé nǹkan ti bàjẹ́ fún òun. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ń bẹ ní Òṣogbo, ibi tí ọkọ̀ kì í rìn ju ìdajì wákàtí lọ. Kò sọ fún òun náà.

Nígbà tí mo gbọ́ èyí, mo rántí pé nígbà tí ó wí fún mi pé nǹkan ń rìn nínú orí òun, ọ̀rọ̀ ọkàn ni ó ń bá mi sọ. Èmi gbọ́ ọ bí ọ̀rọ̀ ibà.

Ẹ ó bi mí pé, báwo ni gbèsè ṣe ń wọ inú ẹ̀jẹ̀? Bí ènìyàn bá ń lọ lọ́nà oko tí ó sì ṣe kòńgẹ́ ejò, kí ó tó ronú rárá ni ara rẹ̀ ti múra. Lórí kíndìnrín wa méjèèjì ni ohun kékeré kan jókòó sí bí fìlà. Láti inú rẹ̀ ni omi kan tí a ń pè ní adrenaline ti ń tú jáde sínú ẹ̀jẹ̀. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ọkàn á bẹ̀rẹ̀ sí lù kì-kì-kì, ẹ̀jẹ̀ á sáré lọ sí apá àti ẹsẹ̀, ẹ̀dọ̀ á kó ṣúgà tí ó tọ́jú pamọ́ jáde, ikùn á dá iṣẹ́ oúnjẹ dúró, oorun á sì fò lọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n Walter Cannon, ti Yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà, ṣàlàyé èyí nínú ìwé kan tí ó tẹ̀ jáde ní 1915. Ó ní ńṣe ni ara ń múra láti jà tàbí láti sá. Ohun rere ni. Bí ejò bá ti bọ́ sínú igbó, láìpẹ́ gbogbo rẹ̀ á rọlẹ̀, ènìyàn á sì máa fi ara rẹ̀ rẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n gbèsè kì í ṣe ejò. A kò lè fi igi lù ú, a kò sì lè sá fún un, bí a bá sì jí láàárọ̀ ó ti jókòó dè wá. Ara kò mọ ìyàtọ̀. Ó ń múra ìjà fún Ọjọ́bọ̀ láti Ọjọ́ Ajé wá. Hans Selye, dókítà tí a bí ní Vienna ní 1907, tí ó sì ṣiṣẹ́ ní Montreal ní Kánádà, kọ ìwé kúkúrú kan jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí ní 1936. Ó fi oríṣìíríṣìí ìyà jẹ àwọn eku: òtútù, iṣẹ́ àṣekára, ọgbẹ́, oògùn olóró. Bí ìyà náà ti yàtọ̀ sí ara wọn tó, ohun kan náà ni ó bá nínú ara wọn: ohun orí kíndìnrín wú, egbò yọ nínú ikùn, àwọn ohun tí ń bá ara gbógun ti àìsàn sì súnkì. Ó ní ara á kọ́kọ́ ta gìrì. Lẹ́yìn náà á gbà á mọ́ra, á máa bá a yí, tó bẹ́ẹ̀ tí olúwa rẹ̀ yóò máa rò pé òun ti borí. Bí kò bá sì dáwọ́ dúró, agbára á tán. Èyí ni a ń pè ní másùnmáwo lóde òní. Ẹni tí ó ṣe orúkọ náà mọ ohun tí ó ń sọ.

Kò yẹ kí èyí ṣòro fún àwa ará Ẹdẹ láti lóye. Tìmì Adétóyèṣe Láoyè, tí ó jọba ní 1946 tí ó sì wàjà ní 1975, mọ dùndún lù tó bẹ́ẹ̀ tí òkìkí rẹ̀ kàn dé òkè òkun. Gbogbo ẹni tí ó bá ti dúró wo onílù rí ni ó mọ̀ pé bí ó bá fún ọṣán, ohùn á lọ sókè. Bí ó bá dẹ̀ ẹ́, ohùn á wálẹ̀. Fífún ọṣán kò ba ìlù jẹ́, òun gan-an ni ó ń mú un sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá há ìlù sí abíyá láàárọ̀, tí a fún un pinpin, tí a kò sì dẹ̀ ẹ́ títí di òru, lójoojúmọ́ fún odindi ọdún kan, bí awọ kò bá ya, ọṣán á já.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Kì í ṣe ìrònú nìkan ní ń fa ẹ̀jẹ̀ ríru. Àjogúnbá wà níbẹ̀, ọjọ́ orí wà níbẹ̀, iyọ̀ àti ọ̀rá àti àìrìn wà níbẹ̀. Ìrònú a máa ti ẹni tí ó ti wà létí kòtò tẹ́lẹ̀. Òun náà sì ni kì í jẹ́ kí a sùn, tí ń jẹ́ kí a gbàgbé oògùn, tí ń sọ ọtí di ọ̀rẹ́ wa. Bákan náà, kì í ṣe gbogbo orí fífọ́ ni ìrònú. Ibà ń bẹ ní Nàìjíríà, ó sì ń pa ènìyàn. Kí a ṣe àyẹ̀wò rẹ̀ ni ó tọ́, kì í ṣe kí a máa fojú díwọ̀n rẹ̀ bí èmi ti ṣe.

Ohun kan wà tí ó máa ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu. Ní 1967, àwọn dókítà méjì ní Amẹ́ríkà, Thomas Holmes àti Richard Rahe, ṣe àkọsílẹ̀ ìṣẹ̀lẹ̀ 43 tí ó máa ń yí ìgbé ayé ènìyàn padà, wọ́n sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní máàkì gẹ́gẹ́ bí ìwúwo rẹ̀. Ikú ọkọ tàbí aya gba 100, ìkọ̀sílẹ̀ gba 73, kí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ènìyàn gba 47. Ṣùgbọ́n ìgbéyàwó pàápàá gba 50, Kérésìmesì sì gba 12. Ohun ayọ̀ náà ń fún ọṣán. Bí ó bá jẹ́ pé Ẹdẹ ni wọ́n ti ṣe ìwé wọn ni, ìnáwó òkú àgbà ìbá ní máàkì tirẹ̀, kò sì ní kéré.

Síbẹ̀, ẹrù kan náà kì í wúwo bákan náà lórí ènìyàn méjì. Ọ̀jọ̀gbọ́n Richard Lazarus, ará Amẹ́ríkà, kọ ìwé lórí èyí ní 1966. Ó ní kì í ṣe ohun tí ó dé bá wa nìkan ni ó ń dá wa lágara, bí kò ṣe ìdáhùn tí ọkàn wa fún ìbéèrè méjì: kí ni ó wà nínú ewu níbí, àti kí ni agbára mi ká láti ṣe sí i? Obìnrin méjì lè jẹ gbèsè kan náà. Èyí tí ó mọ̀ pé bí ó bá burú tán òun á kọrí sí ilé ẹ̀gbọ́n òun á sùn, bí èkejì sì rò pé òun nìkan ni. Ìyá Aláṣọ ní ẹ̀gbọ́n. Ohun tí kò ní ni ẹnu láti fi sọ ọ́ fún un.

Kí ni ó dì í lẹ́nu? Ojú ayé ni. Ní 1954, ọ̀jọ̀gbọ́n kan tí ń jẹ́ Leon Festinger kọ̀wé pé bí ènìyàn kò bá rí òṣùwọ̀n gidi tí yóò fi mọ bí òun ti ń ṣe sí, ẹni tí ó wà nítòsí rẹ̀ ni yóò fi ara rẹ̀ wé. Gbogbo wa ni à ń ṣe é. Àṣìṣe tí ó wà níbẹ̀ ni pé inú yàrá tiwa, tí a mọ gbogbo ìdọ̀tí rẹ̀, ni à ń gbé sí ẹ̀gbẹ́ pálọ̀ ẹlòmíràn tí a ti gbá kí àlejò tó dé. Nínú àwọn tí wọ́n jọ ra aṣọ ẹbí yẹn, mo mọ àwọn méjì tí wọ́n rà á láwìn.

Nígbà tí mo bi í pé èéṣe tí kò fi sọ ọ́, ó ní, “Màmá, ikú yá ju ẹ̀sín.” Mo mọ̀ pé òwe àgbà ni, n kò sì fẹ́ bá àgbà jà. Ṣùgbọ́n mo ti gbọ́ òwe yìí lẹ́bàá ibùsùn aláìsàn ju bí ó ti yẹ lọ, inú mi kò sì dùn sí i mọ́. Bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ balógun tí ogun ṣẹ́ ni, ó yé mi. Ẹni tí ó ń lò ó fún gbèsè aṣọ ẹbí ń fi òwe pa ara rẹ̀ ni.

Èyí kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀ nìkan. Mo lọ sí ọjà lẹ́yìn náà, mo sì fọgbọ́n béèrè. Aláta tí ó wà lápá ọ̀tún rẹ̀ ti rí i pé ó rù. Ẹlẹ́ran tí ó kọjú sí i mọ̀ pé kì í sí ní ìsọ̀ lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀. Oníṣúgà rí i tí ó ń dá sọ̀rọ̀. Kò sí ẹni tí ó bi í léèrè nínú wọn, kì í sì í ṣe nítorí ìkà: olúkúlùkù rò pé ẹni kejì yóò ti bi í. Ní 1968, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n méjì ní Amẹ́ríkà, John Darley àti Bibb Latané, dán irú èyí wò. Wọ́n fi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sínú yàrá lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n jẹ́ kí wọ́n máa fi ẹ̀rọ bá ara wọn sọ̀rọ̀, wọ́n sì ṣe é kí ó dà bí ẹni pé gìrì mú ọ̀kan nínú wọn. Nínú àwọn tí wọ́n rò pé àwọn nìkan ni àwọn ń gbọ́ ọ, 85 nínú ọgọ́rùn-ún jáde láti ràn án lọ́wọ́ kí ohùn rẹ̀ tó dákẹ́. Nínú àwọn tí wọ́n rò pé ẹni mẹ́rin mìíràn ń gbọ́, 31 péré ni. Nítorí náà bí ẹ bá rí ẹni tí ara rẹ̀ kò dá, ẹ má wo ọ̀pọ̀ èrò tí ó yí i ká. Ẹ kà á sí pé ẹ̀yin nìkan ni ẹ rí i.

Mo sọ lẹ́ẹ̀kan pé ọ̀rọ̀ ọkàn ni Ìyá Aláṣọ ń sọ nígbà tí ó ní nǹkan ń rìn nínú orí òun. Kì í ṣe òun nìkan. Ní 1960, dókítà ará Kánádà kan, Raymond Prince, tí ó ti ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ wa, kọ̀wé nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà tí wọ́n ń sọ pé orí ń gbóná àwọn, nǹkan ń rìn lára àwọn, ohun tí àwọn kà kò wọlé, ojú ń ro àwọn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni gbogbo ẹbí ń dá owó jọ fún kí wọ́n lè kàwé. Ẹrù gbogbo ẹbí wà lórí ọpọlọ ọmọ kan. Ní Ẹdẹ wa yìí, a ní Pólì Ìjọba Àpapọ̀, a ní Yunifásítì Adeleke, a ní ti Redeemer's. Bí ọmọ yín bá tẹ̀ yín láago lásìkò ìdánwò pé orí òun ń gbóná, kí ẹ tó fi owó oògùn ránṣẹ́, ẹ bi í pé ta ni ó ń bẹ̀rù láti já kulẹ̀.

Ẹni tí ó kọ́ wa jù nípa bí a ti ń wo irú àárẹ̀ yìí sàn, ọmọ Yorùbá ni. Bí ènìyàn bá tẹ̀ lé ọ̀nà réluwéè tí ó gba Ẹdẹ kọjá lọ sí ìsàlẹ̀, lẹ́yìn Ìbàdàn ni yóò kan Abẹ́òkúta, níbi tí a bí Dókítà Thomas Adéoyè Lambo sí ní 1923. Ó kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn ní Birmingham, ó sì padà wálé di olórí ilé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ ní Arò ní 1954. Láyé ìgbà náà, a máa ń ti irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀ mọ́lé bí ẹlẹ́wọ̀n ni. Lambo kò dúró kí ilé ìwòsàn parí. Ó bá àwọn baálé abúlé mẹ́rin tí ó yí ibẹ̀ ká sọ̀rọ̀ pé kí wọ́n gba àwọn aláìsàn sílé, kí wọ́n sì máa gba owó ilé. Òfin kan ni ó ṣe: aláìsàn kò gbọ́dọ̀ dá wá. Ìyá rẹ̀, àbúrò rẹ̀, tàbí ẹnì kan nínú ẹbí rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá a gbé, kí ó máa se oúnjẹ fún un, kí ó máa fọ aṣọ rẹ̀, kí ó sì máa sìn ín lọ gba oògùn láàárọ̀. Lọ́sàn-án aláìsàn á padà sí abúlé, á bá wọn jókòó, á bá wọn lọ sí oko. Abúlé jàǹfààní omi tó mọ́ àti ilé ìgbẹ́ tuntun níbẹ̀ pẹ̀lú. Lambo kò sì lé àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ sẹ́yìn. Ó pè wọ́n mọ́ra, nítorí wọ́n mọ ìdílé àti ìtàn ẹni tí wọ́n ń tọ́jú. Láti gbogbo àgbáyé ni wọ́n ti wá wo ohun tí ó ṣe ní Arò, nígbà tí ó sì yá ó di igbákejì olórí Àjọ Ìlera Àgbáyé. Ó kú ní 2004.

Òun àti àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n láti Yunifásítì Cornell, tí Alexander Leighton jẹ́ olórí wọn, tún káàkiri àwọn abúlé àgbègbè Abẹ́òkúta àti inú ìlú, wọ́n sì tẹ ìwé ohun tí wọ́n rí jáde ní 1963. Wọ́n rí i pé ní abúlé tí àwọn ènìyàn rẹ̀ ti wà ní ìrẹ́pọ̀, àárẹ̀ ọkàn kò pọ̀ tó bí ó ti wà ní ibi tí àjọṣe ti dàrú.

Nísinsìnyí, kí ni ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí bá kàn yóò ṣe? Kí ó kọ́kọ́ lọ wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ 140 lórí 90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí a sì wọ̀n ọ́n ju ẹ̀ẹ̀kan lọ ní ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, dókítà ni kí ó rí, kí ó sì máa lo oògùn tí wọ́n bá fún un lójoojúmọ́, ìbáà ṣe pé ara rẹ̀ yá gágá. Bí ẹnu bá wọ́, tí apá kan kò ṣe é gbé, tàbí tí ọ̀rọ̀ ń lọ́ pọ̀, kí a má fi òróró pa á, kí a má sì dúró de àárọ̀. Ilé ìwòsàn ni.

Lẹ́yìn náà, kí ó wá ìwé àti bírò, kí ó kọ gbogbo ohun tí ń jẹ ẹ́ lọ́kàn sílẹ̀, owó pẹ̀lú iye rẹ̀. Ohun tí a kọ sílẹ̀ a máa kéré sí ohun tí ń rìn káàkiri nínú òkùnkùn orí. Kí ó ya èyí tí ọwọ́ rẹ̀ ká sọ́tọ̀ sí èyí tí kò ká. Lálẹ́, kí ó fa èémí sínú díẹ̀díẹ̀, kí ó sì jẹ́ kí èyí tí ń jáde pẹ́ ju èyí tí ń wọlé lọ, fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún. Ọ̀nà kan nìyí láti dẹ ọṣán. Kí ó máa fi ẹsẹ̀ rìn. Kí ó dín iyọ̀ kù. Ọtí kì í ṣe oògùn oorun, nítorí ẹni tí ó bá mu ún sùn á tètè jí, ìrònú á sì ti gun orí ẹní dè é. Oògùn oorun tí a ń rà lọ́wọ́ oníkẹ́míìsì láìsí ìwé dókítà náà burú. A máa di bárakú.

Èyí tí ó tóbi jù ni kí ó sọ fún ẹnì kan. Ẹnì kan péré, tí kì í ṣe ẹni tí yóò gbé e dé ìdí ẹ̀rọ omi.

Fún ẹ̀yin tí wọ́n bá sọ fún, ẹ jókòó. Ẹ má sọ pé, “Ìwọ nìkan kọ́, àwọn mìíràn ń jìyà jù ọ́ lọ.” Ẹ má tí ì wàásù. Ẹ béèrè bí ó ṣe ń sùn àti bí ó ṣe ń jẹun. Bí ó bá sọ pé kò sí nǹkan, ẹ tún béèrè lọ́jọ́ kejì, nítorí ẹ̀ẹ̀kejì ni ọ̀pọ̀ ń dáhùn. Bí ó bá ń sọ pé ayé sú òun, ẹ bi í gbangba bóyá ó ń rò láti pa ara rẹ̀. Ìbéèrè náà kò ní fi èrò náà sí i lọ́kàn. Ó lè jẹ́ òun ni yóò tú u jáde. Bí ó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má fi í sílẹ̀ ní òun nìkan, ẹ kó oògùn apakòkòrò kúrò nílé, kí ẹ sì mú un lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Àwọn dókítà tí ń tọ́jú àárẹ̀ ọkàn ń bẹ ní ilé ìwòsàn ńlá Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, kò sì jìnnà sí wa. Kì í ṣe wèrè nìkan ni wọ́n ń wò.

Ní ti Ìyá Aláṣọ, gbèsè rẹ̀ kò tí ì tán. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Òṣogbo san díẹ̀ nínú rẹ̀, lẹ́yìn tí ó ti kọ́kọ́ bá a jà gidigidi pé èéṣe tí ó fi pa á mọ́. Baálé ilé kò gbé báàgì jáde mọ́. Ìsọ̀ ni ó ń bá ìyàwó rẹ̀ lọ, òun ni ó ń wọn aṣọ, àwọn oníbàárà sì ní ọwọ́ rẹ̀ dára ju ti ìyàwó rẹ̀ lọ. Ìsọ̀ náà ni àwọn agbowó ń wá bá a lójú gbogbo ènìyàn. Oògùn méjì ni ó ń lò láràárọ̀. Ní Ọjọ́bọ̀ tí ó kọjá, mo gbé ẹ̀rọ mi lọ bá a níbẹ̀, mo wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀: 138 lórí 86. Ó ní kí n wọn ti ẹlẹ́ran tí ó kọjú sí i náà. Ẹlẹ́ran kọ̀, ó ní ara òun le koko. Mo sọ fún un pé n óò padà wá ní Ọjọ́bọ̀ tí ń bọ̀.